Ẹ Bi Àǹtí Ọgbà: Kí Ló Ń Ṣe Búlúbẹ́rì Mi?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọgbà. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí búlúbẹ́rì, igi kékeré tó ń so èso wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ẹ̀lú, pọ̀ ju ti gbogbo nǹkan yòókù lọ, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Igi yìí ò le gbìn, àmọ́ ó ní ìwà tiẹ̀, ohun tó tẹ́ àwọn igi yòókù lọ́rùn kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn, ibẹ̀ ló ti ń kó ìpayà bá èèyàn. Mo mú méje nínú àwọn lẹ́tà náà, àwọn tí ìbéèrè wọn jọra mo pa wọ́n pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bínú tí ò bá rí tiẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Mo ra igi búlúbẹ́rì méjì lọ́dún tó kọjá, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí mo gbé wọn délé. Mo gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i dáadáa, mo sì ń bomi rin wọ́n lójoojúmọ́. Ní báyìí ewé wọn ti di yẹ́lò, iṣan inú ewé nìkan ló ṣì jẹ́ gíríìnì. Mo tún fi ajílẹ̀ kún un, ńṣe ló burú sí i. Ṣé àìsàn ni àbí ebi ló ń pa wọ́n? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá o, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn méjì tó wà nínú ilé àti àwọn méjì tó wà níta. Ebi ni, àmọ́ kì í ṣe irú ebi tẹ́ ẹ rò. Oúnjẹ wà nílẹ̀ níwájú igi yẹn, kò rí i jẹ ni. Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ torí ibí yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ búlúbẹ́rì wà, ẹni tó bá gbọ́ èyí yé ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Ewé tó di yẹ́lò tí iṣan ẹ̀ dúró ní gíríìnì, pàápàá ewé tuntun tó wà lókè, irin ló ń wá. Irin yìí kì í sábà wọ́n nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ ò bá kan tó, irin á lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, kò ní yọ́ sínú omi, gbòǹgbò ò sì ní lè fà á. Ilẹ̀ tó kan tí mò ń wí yìí, pH la fi ń wọ̀n ọ́n. 7 ló wà láàárín. Tí nọ́ńbà bá ti lọ sílẹ̀ sí 7, ilẹ̀ ń kan nìyẹn, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ló ń kan sí i, nọ́ńbà kan péré sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ìyẹn ni pé ilẹ̀ tó wà ní 5 fi ìlọ́po 10 kan ju èyí tó wà ní 6 lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ àti òdòdó tí à ń gbìn, àárín 6 sí 7 ló ń tẹ́ wọn lọ́rùn. Búlúbẹ́rì 4.5 sí 5.5 ló fẹ́. Ẹ ò wá rí i pé ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ yín ti ń ṣe rẹ́rẹ́ lè jẹ́ ibi tí búlúbẹ́rì á ti máa ṣàìsàn.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lèyí ṣẹlẹ̀ sí o. Inú igbó Àríwá Amẹ́ríkà ni igi yìí ti wá, àwọn èèyàn sì ti ń ká èso ẹ̀ jẹ nínú igbó láti ayébáyé, àmọ́ kó ṣeé gbìn sínú ọgbà kẹ̀, ó gba pé kí onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Frederick Coville, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́ka iṣẹ́ àgbẹ̀, jókòó ti igi yìí fún ọdún mélòó kan. Ní 1910 ló tẹ àwárí ẹ̀ jáde pé ilẹ̀ kíkan ni búlúbẹ́rì fẹ́, pé ilẹ̀ ọlọ́ràá tí gbogbo èèyàn ń rò pé ó dáa yẹn gan-an ló ń pa á. Obìnrin kan ní New Jersey, Elizabeth White, tí bàbá ẹ̀ ní oko ńlá, ka ìwé yìí, ó kọ̀wé sí Coville, ó ní kó wá máa fi ilẹ̀ àwọn ṣe iṣẹ́ náà. Màmá yìí fún àwọn tó ń ká èso nínú igbó ní irin pẹlẹbẹ tó ní ihò tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 16, ó ní igi tí èso ẹ̀ bá tóbi débi tí kò gba inú ihò yẹn kọjá, kí wọ́n wá fi hàn òun, òun á sanwó fún wọn. Bí wọ́n ṣe rí àwọn ìyá igi nìyẹn. Ní 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ ta búlúbẹ́rì tí wọ́n fọwọ́ gbìn. Púpọ̀ jù lọ nínú búlúbẹ́rì ńláńlá tí à ń rà lónìí, àtìgbà yẹn ló ti ṣẹ̀ wá, orí ilẹ̀ kíkan ni gbogbo ẹ̀ sì dúró lé.

Ó yá, ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ ògiri tẹ́ ẹ gbìn ín sí. Síméńtì ní ẹfun nínú, tí òjò bá ti ń rọ̀ sára ògiri, díẹ̀díẹ̀ ló ń fọ ẹfun yẹn wálẹ̀, ẹfun sì ni ọ̀tá ilẹ̀ kíkan. Èmi náà gbin ọ̀kan sídìí ògiri rí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń bọ́ ọ tí kò dàgbà tó ìka ọwọ́ kan, ọjọ́ tí mo rí nǹkan wọn ilẹ̀ ibẹ̀, 7.4 ni mo bá. Mo hú u, mo fomi fọ ìdí ẹ̀, ẹ ò ní gbà gbọ́, gbòǹgbò ẹ̀ ṣì rí rìbìtì bí ike tí mo rà á nínú ẹ̀, kò na ọwọ́ kan ṣoṣo jáde sínú ilẹ̀ mi. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Igi yẹn ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tòun.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ kọ́kọ́ dá ajílẹ̀ dúró pátápátá. Ìgbẹ́ adìyẹ yẹn, ẹ má dà á sí i mọ́ o, iyọ̀ inú ẹ̀ ń jó gbòǹgbò, ó sì tún máa ń gbé pH sókè. Eérú náà ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e débẹ̀ rárá. Gbòǹgbò búlúbẹ́rì tín-ín-rín bí òwú, kò ní irun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí gbòǹgbò igi yòókù fi ń fa oúnjẹ, orí ilẹ̀ ló sì máa ń wà, púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ sísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohun tó gbóná fi ń tètè pa á lára.

Lẹ́yìn náà ẹ wọn ilẹ̀ yín. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ pò ó pọ̀, ẹ fi omi tí wọ́n sè, tí wọ́n wá gba oruku ẹ̀ padà di omi, ìyẹn distilled water, po díẹ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ti pépà pH tàbí ẹ̀rọ ẹ̀ bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá lè gbé e lọ sí láàbù tó ń yẹ ilẹ̀ wò, ìyẹn ló dáa jù. Tó bá jẹ́ 6 tàbí tó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, imí ọjọ́, ìyẹn sulphur, la fi ń sọ ọ́ di kíkan. Láti 6 bọ́ sí 4.5, nǹkan bíi gíráàmù 60 lẹ máa fi sí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan lóòró, mítà kan níbùú, tó bá jẹ́ ilẹ̀ yanrìn, àmọ́ ilẹ̀ tó lọ́ràá díẹ̀ lè gba 170, torí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè yí padà. Tó bá jẹ́ 7 lọ sókè lẹ bá, pàápàá níbi tí ẹfun wà, ẹ má ba agbára yín jẹ́, inú ike ńlá ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí.

Imí ọjọ́ kì í ṣiṣẹ́ wéré o. Àwọn ohun alààyè àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì, wọ́n sì nílò omi àti ooru, kódà ó lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pariwo pé ká tún ilẹ̀ ṣe lọ́dún yìí, ká ra igi lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ tiyín ti wà nílẹ̀ ná, torí náà ẹ rọra hú àwọn méjèèjì kúrò lẹ́bàá ògiri yẹn, ẹ kó wọn sínú ike pẹ̀lú pítì mọ́ọ̀sì, ìyẹn ewéko tó ti jẹrà tí wọ́n wà jáde látinú àbàtà (mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó nísàlẹ̀ fún ẹnì kan), kẹ́ ẹ sì fọ́n irin olómi tí wọ́n ń pè ní iron chelate sí ewé wọn kí wọ́n lè rí ojú mí. Ìyẹn kàn ń dá ẹ̀mí dúró ni o, kì í ṣe ìwòsàn. Tí ewé tuntun bá ti ń jáde ní gíríìnì, ẹ lè wá fún wọn ní ajílẹ̀ ammonium sulphate, gíráàmù 30 fún igi kan tó bá wà nílẹ̀, èyí tó wà nínú ike kó kéré sí i, kẹ́ ẹ fọ́n ọn ká kó jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi. Ajílẹ̀ tó jẹ́ nitrate, ẹ fi sílẹ̀ fáwọn ẹ̀fọ́, búlúbẹ́rì ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ dáadáa.

Omi ojoojúmọ́ yẹn náà, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó bu omi. Tó bá ṣì tutù níbi tí ìka yín dé, ẹ fi sílẹ̀ dọ̀la. Omi tó dúró sídìí ẹ̀ máa ń mú kí gbòǹgbò jẹrà.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé tí èèyàn bá ń da gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí sídìí búlúbẹ́rì, ilẹ̀ á kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní fínígà lòun ń lò. Èwo nínú méjèèjì ló dáa jù? Olùkàwé yín.

ÌDÁHÙN: Kò sí èyí tó dáa nínú ẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi. Kíkan inú kọfí, inú ife tẹ́ ẹ mu lọ́pọ̀ ẹ̀ bá lọ, gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù sílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dà á sí ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣe kọ́ḿpọ́ọ̀sì kò sóhun tó burú, àmọ́ ẹ má retí pé á sọ 6.5 di 5. Fínígà ní tiẹ̀ máa ń kan lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, ó kàn ń pòórá láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni, tó bá sì pọ̀ ó ń pa àwọn ohun alààyè inú ilẹ̀ tó yẹ kó bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín kó dáwọ́ dúró. Ẹ tún gbọ́ èyí mọ́ ọn, wọ́n máa ń ta aluminium sulphate fún àwọn tó fẹ́ kí òdòdó wọn yí àwọ̀ padà, ó ń mú ilẹ̀ kan kíákíá, àmọ́ aluminium tó bá pọ̀ nínú ilẹ̀ májèlé ni fún gbòǹgbò búlúbẹ́rì. Imí ọjọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ ní sùúrù fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ilé àyágbé ni mò ń gbé, mi ò ní ilẹ̀, báńkónì nìkan ni mo ní, oòrùn sì ń dé ibẹ̀ láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago méjì. Ṣé mo lè gbin búlúbẹ́rì sínú ike, kí ni kí n sì kó sínú ẹ̀? Omi ẹ̀rọ ni mo ní o. Àbúrò yín, Ayálégbé.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, báńkónì yín yẹn ti tó, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ oòrùn ni igi yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí n má parọ́, tó bá jẹ́ èmi ni mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, inú ike ni mo máa gbìn ín sí, torí nínú ike ẹ̀yin lẹ̀ ń pinnu irú ilẹ̀ tó máa wà níbẹ̀, ògiri àti ẹfun ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹ wá ike tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 lẹ́nu, ẹ lu ihò sí ìdí ẹ̀ dáadáa, ihò kan ò tó. Pítì mọ́ọ̀sì àti èèpo igi páìnì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ìdajì ìdajì, ni mo fi ń kún tèmi. Àwọn kan ń ta iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti pò fún àwọn igi tó fẹ́ràn kíkan, ìyẹn náà dáa, ẹ kàn ṣáà wo ẹ̀yìn àpò ẹ̀ bóyá wọ́n fi láìmù, ìyẹn ẹfun, sí i, torí iyẹ̀pẹ̀ inú àpò tó wà fún gbogbo igi sábà máa ń ní in.

Ohun kan wà nípa pítì tí ẹni tó bá ń tà á lè má sọ fún yín. Tó bá ti gbẹ, kì í gba omi. Ẹ máa da omi sí i, omi á máa yọ̀ lójú ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da omi sórí náílọ̀n, á gba ẹ̀gbẹ́ ike ṣàn jáde nísàlẹ̀, ẹ̀yin á rò pé ẹ ti bomi rin igi, inú ẹ̀ lọ́hùn-ún gbẹ fúrúfúrú. Torí náà ẹ kó pítì yẹn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ẹ fi ọwọ́ pò ó títí tó fi máa wúwo lọ́wọ́ yín bíi kàn-ìn-kàn-ìn tó mumi yó, ọjọ́ kejì lẹ máa wá gbìn.

Ní ti omi ẹ̀rọ, ẹ wo ìdí kẹ́túlù yín. Tí nǹkan funfun bá ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹfun ti wà nínú omi yẹn, ẹ̀ ń gbé pH sókè díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá bomi rin igi. Omi òjò ló dáa jù. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síta tí òjò bá ń bọ̀, kẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀ fún búlúbẹ́rì nìkan. Tí òjò bá wọ́n, ẹ lo omi ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí igi kú nítorí ọ̀rọ̀ pH, àmọ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ike máa ń yára gbẹ ju ilẹ̀ lọ, nígbà ooru ó lè jẹ́ ojoojúmọ́ ni. Ẹ fi èèpo igi tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn ń já sílẹ̀ bo ojú ẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kó má kan ara igi.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, igi mi ti pé ọdún mẹ́rin, ewé ẹ̀ dáa, òdòdó ẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò rí ẹ̀ka, àmọ́ gbogbo òdòdó yẹn ló ń já dànù, èso tí mo rí lọ́dún tó kọjá ò kún àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni, inú ilé gíláàsì ló sì wà. Ọkọ Ìyàwó Tuntun.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o, ọkọ ìyàwó. Ẹ ti fẹnu ara yín dáhùn, ọ̀kan ṣoṣo, inú gíláàsì.

Ẹ já òdòdó kan nígbà mìíràn kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ó rí bí agogo kékeré tó dojú bolẹ̀, ẹnu ẹ̀ há. Nínú ẹ̀, ibi tí ìyẹ̀fun òdòdó wà kì í là sílẹ̀ bíi ti òdòdó yòókù, ihò bíńtín ló wà lórí ẹ̀ bíi ti ìgò iyọ̀ tí a ń gbọ̀n, ẹni tí ò bá gbọ̀n ọ́n ò lè rí nǹkan kan. Oyin ńlá onírun tí wọ́n ń pè ní bumblebee ló mọ̀ ọ́n gbọ̀n jù. Á dì mọ́ òdòdó, á pa ìyẹ́ mọ́, á wá máa fi ẹran àyà ẹ̀ gbọ̀n jìnnìjìnnì, ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀ bó ṣe ń dún wùù, ìyẹ̀fun á rọ̀ sí i níkùn. Mo lè jókòó ti èyí láàárọ̀ títí oúnjẹ á fi jóná lórí iná. Oyin inú ilé oyin ò mọ gbígbọ̀n yẹn, àmọ́ tó bá pọ̀ ó máa ń ṣe díẹ̀díẹ̀. Oyin kan tún wà tó ń gbẹ́ ihò sínú pákó, ìyẹn máa ń dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó láti jí omi dídùn inú ẹ̀ mu, kì í kan ìyẹ̀fun rárá, torí náà pé ẹ rí oyin níbẹ̀ ò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ń lọ.

Nínú gíláàsì yín, ta ló fẹ́ wọlé wá gbọ̀n ọ́n? Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá fi ń tanná, tàbí kẹ́ ẹ gbé e síta. Tí ò bá ṣeé gbé, ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníbátìrì tí ẹ ò lò mọ́, ẹ tan án, ẹ fi ẹ̀yìn ẹ̀ kan ọrùn òdòdó, kẹ́ ẹ gbé èékánná yín sísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ máa rí ìyẹ̀fun tó rọ̀ sí i bí àtíkè. Ìyẹn lẹ máa fi kan ìdodo àárín òdòdó mìíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, àmọ́ lórí igi kan ó ṣeé ṣe.

Ẹ sì wá ìyàwó fún òun náà. Oríṣi mìíràn tó ń tanná lásìkò kan náà, kí wọ́n jọ wà nítòsí. Àwọn oríṣi búlúbẹ́rì tí à ń pè ní highbush lè dá so, àmọ́ tí wọ́n bá rí ìyẹ̀fun oríṣi mìíràn, èso wọn á tóbi sí i, á sì tètè pọ́n, torí bí kóró inú èso bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń tóbi tó, ìyẹ̀fun ló sì ń di kóró. Àwọn tí à ń pè ní rabbiteye kì í fẹ́ dá so nǹkan gidi rárá, méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ó kéré tán. Oògùn apakòkòrò ńkọ́? Tí òdòdó bá ti là, ẹ gbé e sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé ibi tó bá tutù bíi yìnyín nìkan ni búlúbẹ́rì ti ń so? Ibi tí mo wà gbóná lọ́pọ̀ ìgbà. Olóoòrùn.

ÌDÁHÙN: Irú èyí tẹ́ ẹ bá rà ló máa dáhùn ìyẹn. Búlúbẹ́rì máa ń sùn nígbà òtútù, ó sì ń ka iye wákàtí tó fi wà lábẹ́ nǹkan bíi dígírì 7 Celsius kó tó jí. Àwọn highbush ti ibi títutù, bíi Bluecrop àti Duke, ń fẹ́ nǹkan bíi wákàtí 800 sí 1,000. Ẹ gbé ìyẹn lọ sí ibi tó gbóná, ńṣe lá kàn máa wojú yín, á yọ ewé díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, òdòdó ẹ̀ ò ní là dáadáa. Rabbiteye, bíi Tifblue àti Brightwell, ń fẹ́ wákàtí tó kéré sí ìyẹn, ó sì ń fara da ooru. Ojú ehoro ni orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí, torí kí èso ẹ̀ tó pọ́n, ó máa ń pupa bí ojú ehoro funfun. Àwọn tó wá dáa fún yín jù ni southern highbush, tí wọ́n fi ti ibi títutù bá ti inú igbó ibi gbígbóná pọ̀. Misty, Sunshine Blue àti Biloxi wà lára wọn, wákàtí bíi 150 sí 300 ti tó wọn, Biloxi tiẹ̀ lè máà sùn rárá, kó máa wà pẹ̀lú ewé látọdún dé ọdún. Ẹ wo Peru, tí kò jìnnà sí àárín gbùngbùn ayé, òun ló ti ń kó búlúbẹ́rì tútù lọ sílẹ̀ òkèèrè jù láyé báyìí, orí irú àwọn oríṣi wọ̀nyí ni wọ́n gùn dé ibẹ̀.

Níbi tó bá gbóná gan-an, ẹ jẹ́ kó rí oòrùn àárọ̀ kó sì rí ìbòòji lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ má sì fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò, ẹ bo ilẹ̀ yẹn. Orúkọ oríṣi ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí ò bá mọ orúkọ ẹ̀, ẹ má rà á.

ÌBÉÈRÈ: Èso mi ti pọ́n, ó dúdú bí ẹ̀lú, mo já a, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn ẹyẹ pàápàá ń jẹ ẹ́ kí n tó débẹ̀, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbà. Ìyá Káfíláà.

ÌDÁHÙN: Ẹ ti yára jù, mà. Pé ó ti dúdú kì í ṣe pé ó ti pọ́n, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Lẹ́yìn tó bá ti dúdú tán, ó ṣì ń kó ṣúgà jọ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, ó tún ń tóbi sí i. Tẹ́ ẹ bá sì ti já a, kò sí dídùn mọ́, bó ṣe wà ló máa wà, kẹ́ ẹ gbé e sójú fèrèsé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ yí èso yẹn lẹ́yìn, ẹ wo ibi tó ti so mọ́ igi. Tí pupa díẹ̀ bá ṣì yí ibẹ̀ ká, ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ já a, ẹ kó ọwọ́ sábẹ́ òṣùṣù ẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi àtàǹpàkò rọra yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá pọ́n á bọ́ sí yín lọ́wọ́ fúnra ẹ̀, èyí tó bá ń bá yín fa nǹkan, kò tíì yá. Lẹ́búlẹ́bú funfun ara ẹ̀ yẹn, ẹ má nù ún, òun ló ń dáàbò bò ó, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́.

Fún àwọn ẹyẹ, àwọ̀n ni, mi ò tíì rí ohun mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Àmọ́ ẹ má kàn jù ú lé igi lórí, wọ́n á bà lé e, wọ́n á sì máa ti ìta ṣa èso jẹ. Ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ ta àwọ̀n lé e kó le gan-gan, kó má kan ewé, kẹ́ ẹ fi òkúta tẹ ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ rà, èyí tójú ẹ̀ fẹ̀ tó sì ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ máa ń há ẹyẹ lẹ́sẹ̀, àánú wọn sì máa ń ṣe mí. Ìgbà tí èso bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ ni kẹ́ ẹ ta á, kì í ṣe ìgbà òdòdó, torí àwọn oyin.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, mo kí ọ o. Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ mi ní kí n má gbin ohun tó máa pẹ́ kó tó so. Ó ń wù mí láti gbin búlúbẹ́rì. Ọdún mélòó ni mo máa fi dúró, kí sì ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa gígé ẹ̀ka ẹ̀? Bàbá Àgbà.

ÌDÁHÙN: Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ gbìn ín, sà.

Ẹ ra èyí tó ti pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta nínú ike, ẹ má bá kóró ẹ̀ wàhálà, igi tó bá ti inú kóró hù kì í jọ ìyá ẹ̀. Lọ́dún tẹ́ ẹ bá gbìn ín, ẹ fọwọ́ re gbogbo òdòdó ẹ̀ dànù. Mo mọ̀ pé ó máa dun yín, ó máa ń dun èmi náà, àmọ́ igi tó bá so lọ́dún yẹn á gbàgbé láti ta gbòǹgbò. Lọ́dún kejì ẹ lè jẹ́ kó so díẹ̀ tó bá ti lágbára. Ní ọdún kẹta ẹ ti ń bu èso sínú abọ́ nìyẹn, ó máa ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún títí di bí ọdún kẹfà sí ìkẹjọ tó máa fi gbó dáadáa. Tí wọ́n bá ń tọ́jú ẹ̀, ó lè so fún ọdún 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọmọ yín tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má gbìn ín yẹn á ká a jẹ, àwọn ọmọ wọn náà á ká a jẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ju ọ̀kan lọ, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó mítà kan àti ààbọ̀.

Gígé ẹ̀ka, ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ẹ ò ní gé nǹkan kan ju èyí tó kú tàbí tó ṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tí igi bá ń sùn ni kẹ́ ẹ máa ṣe é, kí ewé tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ fara balẹ̀ wo ẹ̀ka kan, ẹ máa rí èéhù oríṣi méjì lára ẹ̀. Èyí tó wà lókè lórí ẹ̀ka sanra, ó rí roboto, òdòdó ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo lè gbé òdòdó márùn-ún sí mẹ́wàá jáde. Èyí tó wà nísàlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí ẹ̀ ṣóńṣó, ó lẹ̀ mọ́ igi, ewé nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá gé gbogbo orí ẹ̀ka kí igi lè rí bí irun tí wọ́n gẹ̀, èso ọdún yẹn lẹ gé dànù. Àwọn ọ̀pá tó ti darúgbó ni kẹ́ ẹ máa mú kúrò, èyí tó ti lé lọ́dún mẹ́fà, tó nípọn tí ara ẹ̀ ti di eérú, ẹ gé e láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan tàbí méjì lọ́dún kan ti tó, òmíràn á rú láti ìdí. Ẹ jókòó sórí àga ṣe é, sà, ìsàlẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ wà, kò sí pé ẹ̀ ń gun nǹkan kan.